Akika Tó Di Ará Bràsíìlì

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ kí orí Fàsásì hu ewú kó tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, kó má wulẹ̀ wò sọ́dọ̀ ìyàwó tàbí ọmọ. Ọ̀gá ló fà á. Ọ̀gá méje ló ti jẹ lórí ọgbà ẹranko kékeré tó wà lẹ́yìn ojú irin ní Yábàá láti ìgbà tí Fàsásì ti ń tọ́jú ẹranko níbẹ̀, kò sì sí èyí tó dé nínú wọn tí kò ní ẹranko tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́ fojú rí, bí aboyún tó ń ṣa oúnjẹ jẹ.

Ní ọdún 1958 tí Fàsásì kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́, irú ẹranko mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ọgbà náà. Ìgalà wà níbẹ̀, ẹtu wà níbẹ̀, òòrẹ̀, ẹdun, ẹtà, ọ̀ọ̀nì, àgbìgbò, ìkookò, títí kan kìnnìún arúgbó kan tí eyín rẹ̀ ti yọ tán. Òyìnbó tó jẹ ọ̀gá nígbà náà fẹ́ràn ejò bí ẹni fẹ́ràn ọmọ. Ó lọ tán, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ń bẹ̀rù ejò, ni wọ́n bá kó gbogbo ejò lọ. Ẹnì kẹta ní kìnnìún nìkan làwọn èèyàn fẹ́ wò, ó ta àwọn ẹyẹ kó lè máa ra ẹran fún kìnnìún. Kìnnìún jẹ ẹran náà fún oṣù mẹ́rin, ó kú. Ẹnì kẹrin kó ògòǹgò mẹ́ta wá láti òkè Ọya. Ọ̀kan nínú wọn gbé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì mì, ọ̀gá ní kí wọ́n kó àwọn ẹyẹ burúkú náà kúrò níwájú òun kílẹ̀ tó ṣú. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mú èyí wá tí wọ́n ń mú tọ̀hún lọ, títí ó fi di ọdún 1976, tó jẹ́ pé irú ẹranko mẹ́sàn-án péré ló ṣẹ́kù. Gbogbo ìgbà tí ọ̀gá tuntun bá sì ti dé, Fàsásì náà ni wọ́n máa ń ké sí pé kó wá tún kéèjì ṣe.

Ẹni keje ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí! Ibi tí wọ́n ti ń bójú tó géréèjì ọkọ̀ èrò ni wọ́n ti gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn ẹranko. Ẹ̀bùté Mẹ́ta ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ẹranko tó mọ̀ kò ju ewúrẹ́, adìyẹ àti eku tó ń jẹ ọṣẹ lọ. Ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rí kangarú níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, láti ọjọ́ náà ni kò ti rí nǹkan mìíràn rò.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé, ní oṣù kẹwàá, ó pe Fàsásì sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ọ́fíìsì.

"Mísítà Fàsásì, ẹ wò ó, ta ló máa sanwó wá wo ẹtu? Ẹtu tí wọ́n ń fi ṣe pẹpẹsúùpù ní Mushin? Mo fẹ́ kangarú. Mo fẹ́ sẹ́búrà. Mo fẹ́ táígà. Àwọn àlejò káríayé ń bọ̀ ní Jánúárì, ṣé òòrẹ̀ lẹ fẹ́ kí n fi hàn wọ́n? Ìtìjú gidi nìyẹn, àbí?"

"Ọ̀gá, àwọn ọmọ Èkó ò mọ ẹtu o," Fàsásì dá a lóhùn. "Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewúrẹ́ òyìnbó ni wọ́n ń pè é."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i báyìí? Nǹkan òyìnbó ni wọ́n ń wá! Ẹ jẹ́ ká fún wọn."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú èyí? Fàsásì ní ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gi ń náání èèpo igi. Ọ̀gá ní òwe ò lè tún ọgbà ṣe. Ó ní kí Fàsásì lọ bá Rosaline, akọ̀wé tó ń tẹ táípù, kí wọ́n jọ ṣe ìwé alápá méjì: ẹranko ilẹ̀ wa lápá kan, ẹranko òkè òkun lápá kejì. Gbogbo ti ilẹ̀ wa ni wọn yóò tà lẹ́nu géètì ní Sátidé tó ṣáájú Iléyá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ sọ́bẹ̀, kó fi se ọbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ sóògùn, kó fi ṣe oògùn.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí ló gún Fàsásì lọ́kàn, nítorí akika, ẹran onípẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ. Àwọn lẹ́kúlẹ́jà ọjà Mushin, àwọn tó ń ta egbò àti ẹranko gbígbẹ, ò ní jẹ́ kí akika pẹ́ lórí igbá. Ìpẹ́ rẹ̀ nìkan, wọ́n á ṣa á tà lẹ́yọ lẹ́yọ.

Kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, Fàsásì fẹ́ràn akika yìí ju gbogbo ẹranko tó ti tọ́jú rí lọ. Gbogbo ayé ló ní akika kì í pẹ́ nínú kéèjì. Mẹ́rin ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó kọ́gbọ́n. Ẹran náà ò jẹ ẹ̀fọ́, kò jẹ ẹja, kò jẹ ìyókù oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Ikán àti èèrà ló ń jẹ, ààyè ló sì fẹ́ wọn. Níbo lèèyàn ti fẹ́ rí ikán lójoojúmọ́ ní Yábàá? Fàsásì wá a títí tó fi rí i ní Ìjọrà, níbi tí wọ́n kó àwọn pákó àtijọ́ abẹ́ ojú irin jọ sí tí wọ́n ń jẹrà. Láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti ń jí lọ síbẹ̀ pẹ̀lú garawa àti òòlù, yóò máa kan pákó náà gbọn ikán sínú garawa, ìjàlọ yóò máa jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kan tó gbé garawa náà wálé kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó dà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó sì tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjì ti di ìyẹ̀fun. Sìdíkàt ìyàwó rẹ̀ kò tíì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà dòní. Akika kan ṣoṣo ló wà láàyè nínú ọgbà ẹranko tí Fàsásì mọ̀, òun ló sì ń mú un wà láàyè. Bí wọ́n bá gbé e lọ, kò sí ẹlòmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ó bá Rosaline nídìí táípù, inú ń bí i débi pé kò kí i tán.

"Bàbá Lateefat, ẹ jókòó ná," Rosaline wí. "Èwo ni ti ilẹ̀ wa?"

"Gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wọ ọkọ̀ òfúrufú wá."

"Wọ́n máa ta gbogbo wọn nìyẹn."

Fàsásì wo ògiri. Ó tún wo Rosaline. "Kọ akika sí ti òkè òkun."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ìlú wo?"

"Ìlúkílùú! Ṣé èmi ti lọ rí ni?"

Ọmọ Àgùdà ni Rosaline. Ìyá ìyá rẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n bí sí Bràsíìlì kí ìdílé wọn tó padà sí Èkó, òun ló sì máa ń sọ fún wọn nípa ẹranko kan lọ́hùn-ún tí ẹ̀yìn rẹ̀ le bí igbá, tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, tí wọ́n ń pè ní tatú. Rosaline ronú díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́: tatú, Bràsíìlì, ẹyọ kan. Fàsásì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹtu náà kún un. Rosaline kọ̀. Ó ní irọ́ kan lè kọjá lójú ọ̀gá, méjì á jẹ́ kó fura, iṣẹ́ òun lòun sì fi ń tọ́jú àbúrò òun mẹ́ta.

Sátidé pé. Wọ́n ta ẹtu, wọ́n ta òòrẹ̀, wọ́n ta ẹtà, wọ́n ta ọ̀yà, wọ́n ta ẹdun àti ìgalà. Fàsásì ṣí kéèjì kan tẹ̀ lé kejì, ó ń kẹ́yìn sí wọn bí àwọn tó rà wọ́n ṣe ń di ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀gá fi ọ̀bọ sílẹ̀ nítorí ó ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín. Ọ̀ọ̀nì náà ṣẹ́kù, nítorí kò sí ọkùnrin kankan tó gbà láti wọ inú omi lọ mú un. Pẹ̀lú akika, irú mẹ́ta péré. Táígà kò dé, sẹ́búrà kò dé. Kangarú ńkọ́? Lẹ́tà ni wọ́n ṣì ń kọ.

Nígbà tí ọ̀gá rí i pé òun ti sọ ọgbà di ahoro, ó bojú wo inú ìwé rẹ̀, ó rí i pé òun ní ẹranko Bràsíìlì kan nílé. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kùn sáìnbọ́ọ̀dù ní Ìdó. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba ní pupa àti funfun: TATÚ, ẸRANKO ÀRÀ Ọ̀TỌ̀ LÁTI BRÀSÍÌLÌ. Wọ́n kàn án mọ́ ẹnu géètì, wọ́n kan òmíràn mọ́ iwájú kéèjì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo wàhálà! Akika tó wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ò dúró wò, òun ni gbogbo Surulere, gbogbo Yábàá, gbogbo Mushin ń tò sí ìlà láti rí. Ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ ń ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé inú yìnyín ni wọ́n gbé e sí nínú ọkọ̀ ojú omi fún oṣù mẹ́ta. Obìnrin kan ní ẹ wo bó ṣe ń rọra gbẹ́sẹ̀, ó ní ìrìn ọlá ni, ẹran tiwa ò lè rìn báyẹn. Fàsásì dúró ti kéèjì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń payín keke. Ó ń ṣe é bí kó kígbe pé inú igbó Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú un wá, pé ikán Ìjọrà ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ó fi ìgbálẹ̀ gbá iwájú kéèjì.

Àsìkò yìí gan-an ni ìyá Fàsásì, Màmá Àríkẹ́, wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Mushin. Ojú ló gbé e wá sí Èkó. Fún bí ọdún márùn-ún, òjìji lásán ló ń rí. Àwọn dókítà ojú ti wá ṣiṣẹ́ sí i, wọ́n sì fún un ní gíláàsì tó nípọn bí ìdí ìgò. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe là fún màmá. Ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà fúnra rẹ̀, ó ń bá Sìdíkàt wí pé ìsàlẹ̀ ìkòkò rẹ̀ ò mọ́, ó pe Fàsásì, ó sì sọ fún un pé ó ti hu ewú. Bó bá ti rí nǹkan tuntun, á pariwo orúkọ rẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀. Inú ilé dùn, inú Fàsásì náà dùn.

Lateefat ọmọ Fàsásì, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ní dandan, Màmá gbọ́dọ̀ wá wo tatú.

"Oòrùn ti mú jù," Fàsásì wí.

"Ìwọ Fàsásì," Màmá Àríkẹ́ dáhùn, "ọdún méjìdínlógún lo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mi ò dé ibẹ̀ rí. Ní báyìí tí Ọlọ́run ti là mí lójú, ṣé ibi iṣẹ́ ọmọ mi ni mi ò ní rí?"

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ.

Èrò pọ̀ bí eéṣú. Lateefat di ọwọ́ ìyá àgbà mú, ó ń fi ìgúnpá là á kọjá láàárín èrò títí tí wọ́n fi dé ẹnu kéèjì. Màmá Àríkẹ́ tún gíláàsì rẹ̀ ṣe lórí imú. Ó tẹ̀ síwájú. Akika ń jẹun lọ́wọ́, ahọ́n rẹ̀ gígùn ń wọ inú garawa, ó ń jáde.

"Yéè!" Màmá pàtẹ́wọ́. "Akika! Ẹ wo akika! Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti rí ọ gbẹ̀yìn!"

Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. "Màmá, kì í ṣe akika. Tatú ni. Bràsíìlì ló ti wá."

"Bràsíìlì kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, ọdẹ lọkọ mi Àkàngbé, ó mú èyí wálé ju ìgbà tí mo lè kà lọ. Ikán nìyẹn tó ń jẹ."

"Màmá, ẹ wo nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ kàn ń dá wa dúró ni."

"Màmá, ìwé ò ní parọ́," obìnrin kan sọ lẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí wọ́n mú ìyá náà kúrò lójú oòrùn. Lateefat pàápàá, ojú ń tì í, ó ń fa ìró ìyá àgbà.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ, tatú ni," ọmọ náà wí. "A ti kà á ní ilé-ìwé."

Màmá Àríkẹ́ kò mira. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, akika lẹ ń wò yìí, ẹran ilẹ̀ yín ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín." Ó wò yíká, ó rí ọmọ rẹ̀ tó dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. "Fàsásì! Ẹ bi ọmọ mi, òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Fàsásì, sọ fún wọn."

Gbogbo ojú yí sí Fàsásì. Nínú àwọn ojú náà ni ti Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán wà, ó wọ kóòtù, ó dúró lẹ́yìn èrò pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mẹ́ta láti inú kọ́mítì tó ni ọgbà, ó ti mú wọn wá rí iṣẹ́ ribiribi tí òun ṣe. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró de ìdáhùn bí gbogbo èèyàn.

Inú bí Fàsásì. Inú bí i sí ọ̀gá, inú bí i sí Bràsíìlì tí kò mọ̀ rí, inú bí i sí Lateefat, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bí i sí ìyá tó bí i lọ́mọ. Bó bá pe akika ní akika, kó tó di ọ̀la, yóò ti wà lórí igbá àwọn lẹ́kúlẹ́jà, Rosaline yóò sì ti máa wá iṣẹ́ mìíràn. Bí kò bá pè é, ìyá rẹ̀ ni yóò dójú tì níwájú èrò ọ̀nà.

"Màmá," ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe, "kì í ṣe akika. Ẹran Bràsíìlì ni. Wọ́n kàn jọra ni."

"Wọ́n jọra?"

"Wọ́n jọra ni, Màmá."

Ìyá wò ó. Ó wo ẹran náà. Ó tún wo ọmọ rẹ̀. "Ó dáa," ni gbogbo ohun tó sọ. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín, ìlà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán wá na ọwọ́ sí Fàsásì, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà, ó ní kọ́mítì ti fọwọ́ sí i kí wọ́n ra tatú mẹ́ta sí i láti Bràsíìlì, kí Fàsásì bẹ̀rẹ̀ sí í tún kéèjì ṣe. Fàsásì ní ó dáa, sà.

Nígbà tí wọ́n pa géètì dé, ó bá ìyá rẹ̀ àti Lateefat rìn lọ sí ibùdókọ̀ tó wà níwájú ọjà Tejúoṣó. Màmá Àríkẹ́ ti bọ́ gíláàsì kúrò lójú, ó ń fi etí ìró nù ún bó ṣe ń rìn.

"Sìdíkàt yóò bá mi dá gíláàsì yìí padà fún dókítà lọ́la," ó wí. "Kò dára. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ló ń fi hàn mí."

Fàsásì dúró gbọnin lójú títì. Ojú tì í. Ó wo Lateefat, ó ní kó sáré lọ ra ẹ̀pà wá. Nígbà tí ọmọ náà lọ, ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Màmá, akika ni. Ẹ jọ̀ọ́, akika ni. Èmi ni mo parọ́. Wọn ì bá pa á ni. Ojú yín ò ṣe nǹkan kan."

Màmá Àríkẹ́ fọwọ́ gbá a lápá jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Má tàn mí, mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tù nínú lọ."

"Màmá, mo fi Ọlọ́run búra!"

"Má búra nítorí tèmi, Fàsásì. Ìwọ tó ń tọ́jú rẹ̀, ìwọ lo sọ lójú gbogbo ayé pé kì í ṣe òun. Ṣé ọmọ mi yóò dójú tì mí níta láìnídìí?" Ó ká gíláàsì náà, ó kì í bọ inú àpò rẹ̀, ó sì na ọwọ́ síwájú. "Níbo ni Lateefat wà? Sọ fún un kó wá mú mi sọdá."